Nígbà tí iléèwé bá di ibùdó: ta ló ń ṣe kí ni nínú ètò ẹ̀kọ́ pàjáwìrì ní Maiduguri?

Adéoyè_MDG

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ètò ìmúrasílẹ̀ òjò la ń kọ fún Maiduguri àti Jere, apá ẹ̀kọ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ ò ní tíì gbàgbé òru mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024: ìsédò Alau ya, omi gba Gwange, ó gba Gamboru, ó wọ Ọjà Monday, ó dé ààfin Shehu. Àwọn tí omi lé jáde nílé kó wọ inú iléèwé tí omi ò dé, ìjọba Borno sì ti iléèwé pa lóṣù tó yẹ kí táàmù tuntun bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ohun mẹ́rin ló ń dà mí láàmú. Ìpàdé pọ̀ jù, mi ò mọ èyí tí ìpinnu ibẹ̀ máa múlẹ̀. NGO mẹ́ta lè pín báàgì ní ibùdó kan ṣoṣo, kí ibùdó tó wà ní òdì-kejì títì má rí ẹyọ kan. Báwo la ṣe ń gba iléèwé padà lọ́wọ́ ẹni tí kò nílé mọ́? Owó àwọn tíṣà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ẹ dákun, ohun tí mo lè kọ sínú ètò ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, gírámà ti pọ̀ nílẹ̀.

Ìyá_Ìwé

Adéoyè, o kú akitiyan. Ibi ìpàdé ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba ló ni àga. Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ àti SUBEB (àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ló ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ pàjáwìrì, UNICEF àti Save the Children sì jókòó tì wọ́n. Kì í ṣe Maiduguri ni wọ́n ti dá a sílẹ̀: lẹ́yìn àtúnṣe tí UN ṣe sí iṣẹ́ ìrànwọ́ ní 2005 ni wọ́n pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, ti ẹ̀kọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjèèjì yìí káríayé. SEMA, àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀, ló ń mójú tó ibùdó lórúkọ ìjọba ìpínlẹ̀. OCHA, ọ́fíìsì UN fún ètò ìrànwọ́, ló ń so ẹ̀ka kan mọ́ èkejì.

Nítorí náà, ìpàdé mẹ́ta péré ni kó o kọ sílẹ̀: ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lápapọ̀; èyí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ń bá àwọn elétò omi àti ìmọ́tótó pẹ̀lú àwọn aláàbò ọmọdé ṣe; àti ti ìjọba ìbílẹ̀, lọ́dọ̀ Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí làwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìpinnu ti ń di iṣẹ́, torí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ló mọ hẹdimásítà tó wà nílùú àti èyí tó ti kó ẹbí rẹ̀ lọ Kánò.

Jẹ́ kí eléyìí yé ọ dáadáa: ẹni tó ń darí ẹ̀ka kò lówó lọ́wọ́, kò sì lè pàṣẹ fún NGO kankan. Àkọsílẹ̀ ló fi ń darí. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló mọ iléèwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé, gbogbo wọn á wá bá a.

Fún wákàtí 72 àkọ́kọ́, má rán mọ́tò kó o tó pe fóònù. Kí ìwé nọ́ńbà ti wà nílẹ̀ kí òjò tó dé: hẹdimásítà, alága SBMC (ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti ará àdúgbò tó ń bá iléèwé ṣètò), àti ẹnì kan sí i tó ń gbé nítòsí iléèwé. Ìbéèrè méje ti tó. Ṣé iléèwé ṣí? Kláàsì mélòó ló ṣeé lò nínú mélòó? Ìdílé mélòó ló wà nínú rẹ̀, ta sì ni wọ́n fi ṣe olórí? Ṣáláńgá mélòó ló ń ṣiṣẹ́? Níbo ni omi mímu ti ń wá? Tíṣà mélòó ló ti yọjú? Ìwé, àga àti rẹ́jísítà ńkọ́, ṣé omi kó wọn? Ẹni tó bá gbé fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́wàá wá lọ́jọ́ kejì, sọ fún un kó dúró. Àyẹ̀wò ńlá tí gbogbo àjọ ń ṣe pọ̀ á wáyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn làwọn èèyàn á lè jókòó dáhùn ìbéèrè gígùn.

Àwọn ọmọ Tsangaya, ìyẹn iléèwé Kùránì, wà níbẹ̀ o. Orúkọ wọn ò sí nínú rẹ́jísítà SUBEB, torí náà bó o bá fi iye ọmọ iléèwé ṣe ìṣirò, o ti já wọn sílẹ̀. Mallam wọn ni kó o pè, kí nọ́ńbà tiẹ̀ náà wà nínú ìwé.

Alákọsílẹ̀

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀rọ̀ báàgì mẹ́ta níbùdó kan, tábìlì 5W ló wà fún un: ta ni, kí ni, níbo, nígbà wo, fún ta. Ṣùgbọ́n tábìlì tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí ò lè dènà ohunkóhun, ó kàn ń ròyìn ohun tó ti bàjẹ́ ni. Fi òpó kan kún un fún ipò iṣẹ́: "a pinnu", "ó ń lọ", "ó parí". Kí NGO kọ ìlà "a pinnu" kí ó tó san owó ọjà, ìyẹn ni pé ọ̀nà ṣì wà láti sọ fún un pé ibùdó yẹn ti lẹ́ni, kó yáa lọ sí èkejì. Lóṣù tí nǹkan tòrò, kí wọ́n kún tábìlì lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó. Lọ́sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn omíyalé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí òpó tábìlì náà má pọ̀ jù.

Ohun tó kọ́kọ́ ń ba tábìlì jẹ́ ni orúkọ. Ẹnì kan á kọ "Gwange 1", ẹlòmíì "Gwange I", ẹlòmíì "Gwange One", kọ̀ǹpútà á sì kà á sí àdúgbò mẹ́ta. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ orúkọ fúnra rẹ̀. Inú àkójọ tó ti wà nílẹ̀ ni kí wọ́n ti yàn án, pẹ̀lú nọ́ńbà iléèwé láti ọ̀dọ̀ SUBEB àti àmì tí OCHA fún ìjọba ìbílẹ̀ àti wọ́ọ̀dù.

Èkejì ni kíka ọmọ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní iléèwé kan ní ọmọ 600. Àjọ kan pín báàgì, ó kọ 600. Àjọ kejì kọ́ tíṣà 12 lẹ́kọ̀ọ́, ó ní ọmọ 600 ló jàǹfààní. Àjọ kẹta gbẹ́ ṣáláńgá, òun náà kọ 600. Bó o bá ro ó pọ̀, ọmọ 1,800 lo ti "ràn lọ́wọ́" níléèwé ọlọ́mọ 600. Òfin tí a ń lò ni pé nọ́ńbà tó ga jù lọ ní iléèwé kọ̀ọ̀kan lo máa mú, o ò ní rò wọ́n pọ̀, wàá sì ṣe tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀. Àfi ibi kan ṣoṣo: bí àjọ kan bá ń kọ́ àwọn ọmọ àárọ̀, tí èkejì ń kọ́ àwọn ọmọ ọ̀sán, ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, rò wọ́n pọ̀. Torí ẹ̀ ni òpó "àárọ̀ tàbí ọ̀sán" fi gbọ́dọ̀ wà nínú tábìlì.

Ìkẹta, ẹ má fi gbogbo tábìlì síta. Èyí tí aráyé máa rí kò gbọdọ̀ kọjá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Orúkọ iléèwé, ibi tó wà lórí máàpù àti ọjọ́ tí ẹ máa pín nǹkan, inú ẹ̀ka ló ń gbé. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, 110 ni wọ́n kó ní Dapchi ní oṣù Kejì 2018. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ ìpínfúnni iléèwé àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé inú ọgbà sórí WhatsApp ò mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Adéoyè_MDG

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Bí àjọ kan bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní kún tábìlì ńkọ́?

Alákọsílẹ̀

Má bẹ̀ ẹ́. Pe hẹdimásítà, bi í léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀, kọ ọ́ síbi ìlà wọn, kó o wá fi ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n ṣàtúnṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dáhùn kíá. Àwọn ẹ̀ka sì máa ń wà lára àwọn tó ń yẹ ìwé ìbéèrè owó wò fún Nigeria Humanitarian Fund, àpò owó ìrànwọ́ pàjáwìrì. Àjọ tí ìlà rẹ̀ ṣófo látọdún tó kọjá á ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Omi_Ò_Lọ́tàá

Ẹ jẹ́ n bọ́ síbi gbígba iléèwé padà, apá tó kan omi àti ìdọ̀tí.

Ìlànà tí gbogbo àjọ fọwọ́ sí fún iléèwé ni ṣáláńgá kan fún ọmọbìnrin 30, ọ̀kan fún ọmọkùnrin 60, àti omi lítà mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún mímu àti fífọ ọwọ́. Níbi ọmọ 600, tí ìdajì jẹ́ obìnrin, ìyẹn jẹ́ ṣáláńgá 10 fún àwọn obìnrin, márùn-ún fún àwọn ọkùnrin, àti omi lítà 1,800 lójúmọ́. Ìlànà ti ibùdó yàtọ̀: ọ̀kan fún èèyàn 50 níbẹ̀rẹ̀, kó tó wá já sí ọ̀kan fún 20. Bí ìdílé 100 bá wọ inú iléèwé, èèyàn 500 sí 600 nìyẹn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń lò ó. Ihò tí àwọn ọmọ ì bá fi ọdún mélòó kan lò á kún láàárín oṣù díẹ̀. Ọjọ́ tí ìdílé bá jáde, iléèwé á ṣófo, ṣáláńgá á kún dẹ́nu, kò sì ní sí ẹni tó ní owó àtikó o. Ìdí tí iléèwé kì í fi ṣí gan-an nìyẹn, kì í ṣe torí pé àwọn èèyàn kọ̀ láti jáde.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kìíní, ẹ ti ìdajì ṣáláńgá iléèwé pa, ẹ fún hẹdimásítà ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbẹ́ tuntun fún àwọn ará ibùdó sí ẹ̀yìn ògiri tàbí ìgun ọgbà, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, kí ìlẹ̀kùn ní àgádágodo inú, kí iná wà lójú ọ̀nà. Kó jìnnà tó mítà 30 sí kànga, kí ìsàlẹ̀ ihò sì ga ju omi ilẹ̀ lọ ní mítà kan àti ààbọ̀. Iyanrìn Maiduguri kì í dúró, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí àgbá mọ inú ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò kan ló máa wó o. Kí owó kíkó ihò sì wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀.

Ìfọmọ́ ńkọ́? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n da kílórínì lé ẹrẹ̀ lórí. Ẹrẹ̀ á mu ún tán, kòkòrò á wà níbẹ̀ digbí. Ẹ kọ́ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ àti ògiri dé ibi tí àmì omi dé, kí kílórínì tó kàn. Ìdá 0.5% la ń lò fún ilẹ̀: páòdà kílórínì tí wọ́n ń pè ní HTH, tó jẹ́ 65%, gíráàmù 77 nínú omi lítà 10. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ sàmì sára ife tí ẹ máa fi bù ú. Bó bá jẹ́ olómi inú ike tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́fà. Kó dúró lórí ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ṣàn án. Èyí tẹ́ ẹ pò lónìí, òní ni kẹ́ ẹ lò ó tán, oòrùn ń pa á. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò ò ṣeé fojú fò. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èéfín tó ń tibẹ̀ jáde lè pa èèyàn. Àwọn ọmọ iléèwé kọ́ ló máa ṣe iṣẹ́ yìí o, bí ó ti wù kí hẹdimásítà yá wọn lófẹ̀ẹ́ tó. Àwọn ará ibùdó àti àdúgbò ni kí ẹ gbà, kẹ́ ẹ sanwó fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga tó wó jọ, kó fi igi tú u ná: ejò àti àkéekèé fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀. Ní Borno, omi tún lè wọ́ àdó olóró tó ti wà nílẹ̀ látẹ̀yìn dé inú ọgbà. Irin tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ kó èèyàn kúrò, ẹ pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Rẹ́jísítà tó tutù kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fi bébà funfun sáàárín ojú-ewé, ẹ sá a síbòòji, kì í ṣe sínú oòrùn, ẹ sì fi fóònù ya ojú-ewé kọ̀ọ̀kan kí ó tó fàya. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá sọnù níbẹ̀ lè máà rí ìdánwò àṣejáde kọ.

Ọmọ_Ọ̀kun

Ẹ kú àlàyé. Ṣé Borno nìkan ni gbogbo èyí wà fún ni? Ní Lọ́kọ́ja, 2012 àti 2022 ni omi Ọya àti Bẹ́núé kún bo ìlú, iléèwé náà làwọn èèyàn sá wọ̀. A ò ní UNICEF tó jókòó síbẹ̀, a ò ní "ẹ̀ka" kankan. Ta ló máa pe ìpàdé?

Ìyá_Ìwé

SEMA ìpínlẹ̀ yín ni kó pè é, kí SUBEB yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa jẹ́ ojú ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè méje yẹn àti tábìlì Alákọsílẹ̀, ẹ lò wọ́n bó ṣe wà. Àǹfààní yín ni pé omi yín ń kìlọ̀ kó tó dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jókòó ti àwọn ọba àti alága ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ pín iléèwé sí mẹ́ta nínú ìwé: èyí tí a kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé láéláé, èyí tí wọ́n lè gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àti èyí tó jẹ́ pé inú omi ni òun náà wà. Gbọ̀ngàn ìlú, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún kí wọ́n tó kan iléèwé. Àṣìṣe tí mo rí nínú ètò ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni pé iléèwé ni wọ́n kọ sókè pátápátá bí ibùdó àkọ́kọ́, torí pé òun ló nílé tó sì lọ́gbà.

Ó di ọ̀rọ̀ ti Adéoyè. Ọlọ́pàá àti sójà kọ́ la fi ń gba iléèwé. Lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n bá wọlé, kọ àdéhùn kan pẹ̀lú olórí ibùdó, hẹdimásítà àti SEMA, ojú-ewé kan péré: ọ́fíìsì, ìtọ́jú-ẹrù àti kláàsì méjì, ó kéré tán, kò ní sí ẹni tó máa gbé ibẹ̀; kláàsì tí wọ́n máa kọ́kọ́ kó jáde nínú rẹ̀ nìyí, èyí tó tẹ̀ lé e nìyí. Lẹ́yìn ìyẹn, má so ìjáde mọ́ déètì nìkan, so ó mọ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn elétò ilé gbígbé ló ní tapólíìnì àti owó ìrànwọ́, nítorí náà orúkọ àwọn ìdílé tó wà nínú kláàsì ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú ìwé tiwọn. Bí ìwọ tó wà lẹ́ka ẹ̀kọ́ ò bá lọ sí ìpàdé wọn lọ bẹ̀bẹ̀ fún èyí, àwọn tó wà nínú iléèwé ló máa gbẹ̀yìn, torí lójú tiwọn, ẹni tó wà lábẹ́ páànù sàn ju ẹni tó wà níta lọ.

Kláàsì kan-kan ni wọ́n ń jáde. Bí mẹ́rin bá ti ṣófo lápá kan, fi okùn tàbí tapólíìnì ya apá náà sọ́tọ̀, fọ̀ ọ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìdílé tó bá rí i pé ọmọ òun gan-an ń kàwé níbẹ̀ kì í ta kú mọ́. Lẹ́yìn 2014, àwọn tó sá wá sí Maiduguri gbé inú iléèwé títí wọ inú 2016, torí pé kò sí ìwé àdéhùn, kò sì sí ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kó lọ.

Bó bá jẹ́ sójà ló wà nínú ọgbà, ọ̀nà míì nìyẹn. Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Iléèwé Aláàbò ní 2015. Fún SUBEB ní orúkọ iléèwé náà nínú ìwé tí kò lọ síta, kí wọ́n gbé e lọ bá ọ̀gá àwọn ológun. NGO kì í lọ bá wọn jà lẹ́nu ọ̀nà.

Tíṣà_Àgbà

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ilé, ẹ ti sọ̀rọ̀ omi, ẹ ò tíì mẹ́nu ba ẹni tó máa kọ́ ọmọ.

Owó tíṣà ló ń tú ìṣọ̀kan ká jù. Àjọ kan á san iye kan, èkejì á san ìlọ́po méjì rẹ̀ ní ibùdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo tíṣà á ṣí lọ síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tún wá ju owó ìjọba lọ, tíṣà ìjọba á fi kláàsì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣe "olùyọ̀ǹda". Kí ẹ̀ka fẹnu kò lórí iye kan, kí SUBEB fọwọ́ sí i, kó má ju owó oṣù tíṣà tuntun ìjọba lọ. Ìpele méjì tó: ẹni tó ní NCE, àti ẹni tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù ìjọba ò ní gba owó yìí, owó ọkọ̀ nìkan ló tọ́ sí i bó bá ń rìn jìnnà. Ní ti olùyọ̀ǹda, iye ọjọ́ tó wá ni wọ́n máa san fún un, lórí ìwé tí hẹdimásítà àti SBMC jọ fọwọ́ sí. Kí wọ́n yẹ àkójọ orúkọ gbogbo àjọ wò pa pọ̀ nípa nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì kí wọ́n tó san, torí ẹnì kan lè máa gbowó ní ibùdó méjì. Kí déètì ìparí sì wà nínú lẹ́tà rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tí kò sọ pé oṣù mẹ́ta lòun ló ń bí ìjà.

Tẹ́ ẹ bá ní kláàsì mẹ́fà péré tó mọ́, ọmọ 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 300 àárọ̀, 300 ọ̀sán. Aago mẹ́jọ sí méjìlá, aago méjìlá ààbọ̀ sí mẹ́rin ààbọ̀. Ààbọ̀ wákàtí àárín yẹn kì í ṣe àpọ́nlé, òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ 600 fún ara wọn pa lẹ́nu géètì. Ẹ kó àwọn kékeré àti àwọn ọmọbìnrin tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí àárọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wọn lọ́nà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ti ọ̀sán ò ní ṣeé ṣe nítorí Jímọ́ọ̀, ẹ gbé e lọ sí àárọ̀ Sátidé. Ètò tí wọ́n bá kọ ní Àbújá máa ń gbàgbé ìyẹn.

Èdè náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wá láti ìgbèríko, Kanuri ni wọ́n ń sọ nílé, àwọn míì Shuwa (irú èdè Lárúbáwá kan), ìwé tẹ́ ẹ gbé wá sì jẹ́ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ èdè tí tíṣà ń sọ sínú àkójọ orúkọ, kẹ́ ẹ fi tíṣà tó gbọ́ Kanuri sí kíláàsì kìíní àti ìkejì, kí àwọn ìyókù máa kọ́ àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀.

Àpótí-iléèwé UNICEF: tíṣà kan àti ọmọ 40 ni wọ́n pèsè ẹ̀ fún. Bí kláàsì bá jẹ́ àárọ̀ àti ọ̀sán, ọmọ 80 lè lo bóòdù, aago onígi àti àtẹ inú rẹ̀, àmọ́ ìwé àti pẹ́ńsù kò ní kárí, ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un. Ọ̀dà dúdú wà nínú rẹ̀, ìdérí àpótí ni wọ́n fi ń ṣe bóòdù. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣírò rẹ̀ mọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á gbé e wọ yàrá hẹdimásítà, wọ́n á tì í pa, torí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní kó ṣírò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbàwọlé pé pẹ́ńsù àti ìwé jẹ́ ohun tó ń tán, ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè wọn.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbọ́ tèmi: báàgì pọ̀ jù nínú ètò yín, tíṣà kéré. Ìyá á kọ orúkọ ọmọ kan sí ibùdó méjì torí báàgì méjì. Ọmọ tó bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kẹ́ ẹ fún.

Alákọsílẹ̀

Bàbá, mo gbà fún yín lórí tíṣà, mi ò gbà lórí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ tí omi kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ, tí ẹ ní kó kọ́kọ́ wá lọ́wọ́ òfo fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn ò ní wá rárá, ojú á tì wọ́n.

Tíṣà_Àgbà

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì. Ìwé kíkọ méjì àti pẹ́ńsù kan lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jókòó sí kláàsì, nínú kláàsì gan-an, láti ọwọ́ tíṣà, kì í ṣe lórí tábìlì ìpínfúnni lẹ́nu géètì. Báàgì, bàtà àti aṣọ iléèwé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fún orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà. Ìyẹn á dín orúkọ oníméjì kù, ọmọ kankan ò sì ní jókòó lásán.

Omi_Ò_Lọ́tàá

Kí n fi tẹ́ńtì kún un, torí mo rí i pé ètò púpọ̀ ń kọ "tẹ́ńtì 100" láìronú. Èyí tó jẹ́ mítà onígun 72 gba ọmọ 48 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní mítà onígun kan àti ààbọ̀. Èèkàn rẹ̀ kì í di iyanrìn mú, ìjì tó ń ṣáájú òjò á fà á tu. Ẹ fi àpò iyanrìn tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tí ẹ ti kún sókè, ẹ la gọ́tà yí i ká. Títí oṣù Kẹwàá, ó ṣeé jókòó sí. Tó bá di oṣù Kẹta sí ìkárùn-ún, tí ooru Maiduguri kọjá ìdíwọ̀n 40, kò sí ẹni tó lè kàwé nínú rẹ̀ lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Bí iṣẹ́ yín bá máa dé ìgbà yẹn, páànù lórí igi, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹní, sàn jù ú lọ fíìfíì.

Adéoyè_MDG

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: ìgbà wo ni ọjà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, níbo sì ni?

Ìyá_Ìwé

Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa níbẹ̀, oṣù Kẹjọ ló ń le jù. Kí ohun gbogbo ti wọ ilé ìkẹ́rùsí kí oṣù Kárùn-ún tó parí, torí ọkọ̀ ẹrù tó ń ti Èkó bọ̀ lè pẹ́ lọ́nà. Má kó o pọ̀ síbì kan. Odò Ngadda la ìlú já, omi 2024 sì ba àwọn afárá jẹ́, nítorí náà ilé ìkẹ́rùsí méjì, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan odò náà, lórí ilẹ̀ gíga, kí pákó gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n orúnkún. Kí SUBEB ní ọ̀kan lọ́wọ́, kí àjọ kan ní èkejì. Kọ́kọ́rọ́ méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ ẹni méjì tí kì í gbé àdúgbò kan náà. Kó o tún kọ orúkọ ẹni tó láṣẹ láti ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú tí ọ̀gá ò bá gbé fóònù.